Másídà Mi Kò Lọ Síbì Kankan

Ọmọ mi àtàtà,

Ọkọ̀ náà ṣì wà níwájú ilé. Àwọn ọkùnrin méjì tí o rán wá láti wọ́ ọ lọ dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n mu omi, wọ́n jókòó lórí àga tí mo fọwọ́ ara mi kàn, wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Èyí ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó kí ọ, torí mo mọ̀ ọ́, bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni wàá fò ó kọjá tí wàá máa fojú wá ibi tí mo ti dárúkọ ọkọ̀.

Ó yá, mo wá kí ọ wàyí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nítorí àga ọ́fíìsì ńkọ́? Mo ti sọ fún ọ pé kí o wọn gíga tábìlì rẹ ránṣẹ́ sí mi kí n ṣe àga tó bá ẹ̀yìn rẹ mu, o ní ọ́fíìsì kì í gba àga láti ilé. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ, kí ó fún ọ ní ọ̀gá tí yóò máa fojú rere wò ọ́, kí ó sì fún ọ ní etí tí yóò máa gbọ́ tí bàbá rẹ. Ìyá rẹ ní kí n bá òun ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ àfi ti ìkẹyìn, pé òun fẹ́ kọ́kọ́ ronú sí ìyẹn. Ara òun náà le. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó sì ń bá mi jà, nítorí náà kò sí ewu.

Ṣọ́ọ̀bù ń lọ dáadáa. Ilé-ìwé tó wà lódìkejì títì ńlá ti ní kí n ṣe tábìlì mẹ́rìnlélógún fún àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, mo sì ti parí mọ́kàndínlógún. Wọ́n fẹ́ kó wọn kí àwọn ọmọ tó wọlé. Bí o bá ń bi ara rẹ pé kí ni yóò kó wọn dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn.

O kọ̀wé sí mi pé ọkọ̀ mi ti pé ọdún márùndínlógójì, pé ó ti tó kó sinmi. Ìyá rẹ ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ta ni o máa rán wá fi ọkọ̀ ńlá wọ́ òun lọ? O ní ìjọba ń gba ọkọ̀ tó ti gbó, pé bí mo bá gbé e sílẹ̀ wọ́n á bá mi dín owó ọkọ̀ tuntun kù, àti pé ọkọ rẹ ti rí kékeré funfun kan tí kì í mu epo, tí wọ́n máa ń kì bọ iná ara ògiri bí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ. Ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n kí ó dá mi lóhùn: pákó ẹsẹ̀ méjìlá, ibo ni màá tì í sí nínú áyọ́ọ̀nù? Bí iná bá sì lọ, ṣé èmi náà á jókòó sójú títì kí iná tó dé?

Àwọn ọkùnrin tí o rán wá kò burú. Àgbà inú wọn yọ fóònù, ó ní òun fẹ́ ya àwòrán ọkọ̀ náà láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní kó dúró. Mo fi aṣọ nu ojú ọkọ̀, mo nu iná rẹ̀, mo sì lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi tó mọ́, torí n kò fẹ́ kí wọ́n gbé àwòrán wa dé ọ̀dọ̀ ìjọba pẹ̀lú eruku pákó. Ó ní kò nílò kí èmi wà nínú àwòrán náà. Mo ní bí ọkọ̀ bá wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti àárọ̀, n kò fi ibì kankan sílẹ̀ láìkọ. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ irú ọkọ̀ sí, mo kọ Másídà, píkọ́ọ̀pù, torí ìyẹn kò lẹ́jọ́ nínú. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ ìdí tí mo fi ń gbé e sílẹ̀, mo kọ pé n kò gbé e sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ tí mo fẹ́ kí wọ́n wá gbé e, mo kọ pé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, Baba, a kì í kọ fọ́ọ̀mù báyìí. Mo ní mo ti kọ ọ́.

Èkejì rẹ̀ wá ní ṣé ọkọ̀ náà tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni. Mo kì kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe ní káwọn máa lọ nìyẹn, ọkọ̀ ńlá tiwọn kò dáhùn. Iná tó ń kọ lórí rẹ̀, tí wọ́n gbàgbé láti pa nígbà tí wọ́n ń mu omi, ti fa bátìrì rẹ̀ gbẹ. Mo gbé Másídà sún mọ́ ọn, a so wáyà láti bátìrì tèmi sí tiwọn, a sì jí òkú wọn. Èkejì yẹn ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹni tí wọ́n ní ká wá gbé o. Àgbà náà ní kó panu mọ́. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ èèyàn ni, kó tó lọ ó sọ fún mi pé bí ọkọ̀ náà kò bá ní ìwé àyẹ̀wò tọdún yìí kí oṣù tó parí, àwọn á padà wá, nígbà yẹn wọn kò sì ní í bi mí bóyá mo fọwọ́ sí i. Bí ó bá ní ìwé àyẹ̀wò, ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dára kí èèyàn mọ ibi tí ìjà wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọkọ rẹ pè. N kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn tó ṣe Másídà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi yangàn, ó ní ládùúgbò yín, orúkọ ilé-iṣẹ́ míì ni gbogbo èèyàn ń pè, pé òun kò mọ ohun tí mo rí lára tiwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọdún márùndínlógójì ni mo ti ń jókòó nínú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn yìí, n kò sì béèrè rí pé ọmọ ta ni wọ́n. Kì í ṣe ìwà tó dára. Kí o tó fẹ́ ọkọ rẹ, ṣebí mo béèrè.

Mo bá lọ bá Tíṣà nínú ilé kejì, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, òun ló kọ́ ọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní kò sí wàhálà, gbogbo rẹ̀ wà nínú fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún mi.

Ọmọ mi, ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀? Igi. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ní ìlú Hiroshima ní Japan, kọ́ọ̀kì ni wọ́n ń ṣe, èèpo igi tí wọ́n fi ń dé ẹnu ìgò. Mo ní kí Tíṣà tún un kà. Ó tún un kà. Èmi tí mo ti ń rẹ́ pákó láti ìgbà tí n kò tíì hu irùngbọ̀n, oníṣẹ́ igi bíi tèmi ló ṣe ọkọ̀ mi, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Lẹ́yìn kọ́ọ̀kì ni wọ́n yà sórí irin, wọ́n ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó tó di pé ogun dé.

Bọ́ǹbù tó já lu ìlú wọn, o kọ́ nípa rẹ̀ níléèwé, o sì wá sílé wá sunkún. Òkè kékeré kan ló wà láàárín ilé-iṣẹ́ wọn àti ibi tí bọ́ǹbù náà já lù, òkè yẹn ló gba díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ dúró fún wọn. Àwọn aláìsàn ń gba ìtọ́jú nínú ọgbà wọn, àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba tí kò ní ilé mọ́ wá jókòó síbẹ̀. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́rin, wọ́n ti tún ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan fún mi kí n lè kà á fún ọkọ rẹ.

Ti ẹ́ńjìnnì ló wá gbé mi dìde lórí àga. Ẹ́ńjìnnì tí gbogbo ayé mọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò. Àwọn ará Jámánì ronú ọ̀kan tí yóò máa yí po, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ra àṣẹ rẹ̀, ó sì sú wọn. Àwọn tèmi kò jẹ́ kó sú wọn. Ohun tó dà wọ́n láàmú ni pé bó ṣe ń yí, ó ń gbọ̀n, ó ń fi ìlà wẹ́wẹ́ ha inú irin, àwọn òṣìṣẹ́ sì sọ àwọn ìlà náà ní èékánná èṣù. Ibẹ̀ ni mo ti fa Tíṣà lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi pákó kan hàn án tí ìfági mi ti gbọ̀n lé lórí. Ìlà wẹ́wẹ́ kan náà. Abẹ tí kò bá jókòó dáadáa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ì bá ti sọ fún wọn. Èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n fi sídìí iṣẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi wá ohun tí wọn yóò fi ṣe etí ohun tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì náà. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n rí? Èédú ni wọ́n pò mọ́ irú irin tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ìdáná. Èédú, ọmọ mi. Kí sì ni èédú bí kì í ṣe igi?

Ní ọdún 1991, irú ẹ́ńjìnnì yẹn gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje tí wọ́n ń fi ọ̀sán àti òru sá ní ilẹ̀ Faransé. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ará Japan yóò ṣe tí yóò gba ipò yẹn. Lọ́dún kejì òfin eré náà yí padà, kò sí àyè fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwọ náà rí i bí ayé ṣe rí. Bí o kò bá lè lé ọkọ̀ bá, wàá ní kó lọ mú ìwé wá.

N kò ní í tàn ọ́, Tíṣà ka èyí tí kò dùn náà. Ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ràn epo jù, nígbà tí epo wá wọ́n kárí ayé ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ẹ̀ wó. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò nídìí irin, wọ́n ní kí wọ́n máa gba ilé dé ilé láti lọ ta ọkọ̀. Mo fojú inú wo ara mi tí mo ń kan ilẹ̀kùn pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo tábìlì mi. N kò rí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Onígírísì, sì ti sọ fún mi pé irú ẹ́ńjìnnì yẹn kọ́ ló wà nínú tèmi, pé olókè-sódò lásán ni tèmi. Mo ní ìyẹn kò yí nǹkan kan padà. Ìwọ náà kò gboyè dókítà bíi ti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ilé kan náà lẹ ti jáde.

Ohun kan ló kàn fẹ́ bí mi nínú. Láti ọjọ́ yẹn, nígbàkígbà tí Tíṣà bá ṣí fóònù rẹ̀, ọkọ̀ tuntun ló máa ń yọ síbẹ̀. Funfun, pupa, pẹ̀lú obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó wá ra tirẹ̀ lónìí. Tíṣà kò ra ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ lo ń rán wọn. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn kí wọ́n fi Tíṣà sílẹ̀, èmi ni mo lẹ́jọ́. Mo ti ní kó gbé ojú fóònù náà kọjú sí Másídà kí wọ́n lè rí i pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò yéé wá.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyẹn àná, mo wa ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ọgbà ńlá kan ni, wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sílẹ̀, ihò gígùn kan wà láàárín tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ láti wo abẹ́ ọkọ̀, tábìlì kan sì wà lábẹ́ páànù. Ẹsẹ̀ kan tábìlì náà kúrú, ìwé ni wọ́n ká sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá obìnrin kan, tó fi bírò há ẹ̀yìn etí, ló ń yẹ gbogbo ọkọ̀ wò. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá ló wà níwájú mi. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo jókòó sínú Másídà, mo sì kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí o ṣe máa ń sọ pé kí n má fi ibì kankan sílẹ̀. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà pátápátá, wọ́n ya àpótí kan tó ní bíréèkì, iná, fèrè, èéfín, ìpáàrà, àti àyè fún ìfọwọ́sí. Mo wo obìnrin náà, láti àárọ̀ kò tíì jókòó. Mo ní kí n bá a mú un kúrò lọ́wọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dán bíréèkì wò, mo tan iná, mo fun fèrè, mo gbóòórùn èéfín, mo kọ sí iwájú ìkọ̀ọ̀kan pé ó yege. Níwájú ìpáàrà mo kọ pé díẹ̀ wà, nítorí òtítọ́. Mo sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tó kàn mí, ó gba fọ́ọ̀mù, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè. Ó ní, Baba, ta ló fọwọ́ síbí? Mo ní èmi ni. Ó ní, ẹ fún ọkọ̀ yín níwèé àṣẹ fúnra yín? Mo ní mo yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó wà nínú ihò rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin mú. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo ní oníṣẹ́ igi ni mí, tábìlì kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi láìjẹ́ pé mo ti yí i wò tí mo sì fi àmì mi sábẹ́ rẹ̀, àti pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí náà, iṣẹ́ igi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ojú mi mọ̀ ọ́n. Mo tún sọ fún un pé ẹni tó ṣe tábìlì tirẹ̀ kò fi àmì síbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń mì. Ó wo tábìlì náà. Lẹ́yìn náà ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wọ inú ihò fúnra rẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi irin gún abẹ́ ọkọ̀, kó, kó, kó. Ó jáde pẹ̀lú gírísì létí imú. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọ̀tún níbi tó ti tẹ̀ wọnú, ó ní kí ló gbá a. Mo ní ọmọ mi obìnrin ló fi gbá òpó géètì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ń kọ́ ọ ní ọkọ̀. Ó ní, ẹ kò sì tún un ṣe láti ìgbà yẹn? Mo ní kò ní ohun tó ń ṣe é, ó ń ṣí, ó ń tì.

Ó wá sọ fún mi pé òun ti rí ohun tí òun rí, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ ọ́. Ìfọwọ́sí kan ti wà nínú àpótí náà ná, àpótí kan kò sì gba ìfọwọ́sí méjì, nítorí náà òun yóò kọ ohun tí òun rí sínú ìwé míì, yóò sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àgbà kí wọ́n pinnu bóyá tòun yóò dúró àbí wọ́n á fagi lé gbogbo rẹ̀. Ó ní ìdáhùn yóò wọ orí fóònù tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n bá fagi lé e, kò sí àyè fún àyẹ̀wò míì kí oṣù tó parí.

Bí mo ṣe ń lọ, mo fi ìtì pákó kékeré kan sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀. Ó tì í wò, kò mì mọ́. Ó pe ẹni tó kàn.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Fi owó bẹ́líìtì fáànù ránṣẹ́, èyí tó wà lára ọkọ̀ ti ń ya létí, Onígírísì ní òun mọ ibi tí ojúlówó wà. Fi díẹ̀ kún un fún ìṣó àti gúlúù, kí tábìlì márùn-ún tó kù lè tètè parí. Bí o kò bá ní, fi ẹnu rẹ nìkan ràn mí lọ́wọ́, kí o má sì rán ẹnikẹ́ni wá mọ́. Bí ó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ wá, kọ́kọ́rọ́ wà níbi tí o mọ̀. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ohun tí yóò bá ọ pẹ́, tí yóò dáhùn nígbà tí o bá pè é ní àárọ̀ tútù. Kí àwọn ọmọ rẹ má ṣe fojú àlòkù wò ọ́ láéláé.

Tíṣà ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ọmọ tirẹ̀ ládùúgbò yín ní ọ̀la, òun ni mo fún ní lẹ́tà yìí, yóò sì padà sílé ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. Ohun tí ọ́fíìsì àgbà bá sọ, bó ti wù kó rí, sọ ọ́ fún Tíṣà kó mú un bọ̀ fún mi. Mo mọ̀ pé ìwọ yóò béèrè ìdí tí èmi fúnra mi kò fi ní í mọ̀ kó tó dé. Fọ́ọ̀mù náà ní kí n kọ nọ́ńbà ẹnì kan tó mọ ọkọ̀ náà dáadáa. Mo ronú nípa Onígírísì, mo ronú nípa ìyá rẹ. Nọ́ńbà tìrẹ ni mo kọ.

Èmi ni bàbá rẹ.

Ọjọ́ Ẹtì nìyí, ilẹ̀ ti ń ṣú, n kò sì tíì mọ̀ bóyá wọ́n ti kọ̀wé sí ọ.